Àárò Èéfín Ìyá Mi

Tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó yẹ kí n mú ẹsẹ̀ yá ni, kí n fi ìborùn bo imú, kí n sá. Dókítà ti sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́, àyà tèmi gan-an ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ńṣe ni mo máa ń dúró. Màá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, màá gbé imú sókè díẹ̀, màá fa èéfín yẹn símú. Kì í pẹ́ tí àyà mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìgbà náà ni màá wá ki ọwọ́ bọ báàgì, màá yọ ìnhélà mi jáde, màá fín in sẹ́nu, màá sì máa bá tèmi lọ. Àwọn tó bá rí mi á rò pé orí mi ò pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó. Ìyá mi ni mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kì í ṣe ẹja. Àwọn aṣọ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, mo ti fọ gbogbo wọn tán kí ó tó lọ, ọṣẹ nìkan ló kù lára wọn.

Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni ìyá mi ti ń yan ẹja. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì mọ ẹja ju èyí tí wọ́n bá ti sè sínú ọbẹ̀ lọ nígbà tí òun àti bàbá mi kó wá sí Èkó. Ìgbà tí bàbá mi kú, tí ìyá mi ṣì ń pọ̀n mí sẹ́yìn, àwọn obìnrin Ìlàjẹ tó wà ládùúgbò ló kọ́ ọ níṣẹ́. Àgbá onírin tí wọ́n gé sí méjì ló fi ń ṣe é: igi nísàlẹ̀, àwọ̀n wáyà lókè, ẹja lórí àwọ̀n, páálí lórí gbogbo rẹ̀ kí èéfín má baà ráyè sá lọ. Èéfín yìí ti wọ aṣọ rẹ̀, ó ti wọ irun rẹ̀, ó ti wọ Bíbélì rẹ̀ pàápàá. Tó bá ṣí Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó jókòó tì í.

Èmi wá jẹ́ ọmọ tí kò lè mí. Àyà mi á máa súfèé bí kẹ́tùlù tó fẹ́ hó, èjìká mi á máa lọ sókè sódò, ètè mi á ṣú. Wọ́n fi àdín pa mí láyà títí ara mi fi ń yọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́. Wọ́n fún mi ní àgbo, wọ́n fún mi ní oyin, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí títí ó fi sú wọn. Àbúrò ìyá mi obìnrin ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn níkẹyìn. Ṣómólú ni àǹtí mi yìí ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní ásímà ni. Wọ́n ní ọmọ yìí ò gbọdọ̀ gbé níbi tí èéfín bá wà mọ́.

Kí ni ìyá mi fẹ́ ṣe? Èéfín náà ló ń bọ́ wa. Ó di ẹrù mi, ó fà mí lọ́wọ́, ó mú mi lọ sí Ṣómólú, ó fà mí lé àǹtí mi lọ́wọ́. Kò sunkún lójú mi. Ó kàn ń tún kọ́là aṣọ mi ṣe, ó ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe kọ́là náà.

Ṣé Ṣómólú wá jìnnà sí Bàrígà ni? Ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìlú òyìnbó ni wọ́n gbé mi lọ. Sọ́ńdè ni ìyá mi máa ń wá wò mí, lẹ́yìn ìsìn. Á ti wẹ̀ kanlẹ̀, á ti fi kànìnkànìn ha ara, á ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jẹ́ kó sún mọ́ ibi àgbá rárá, á wá fi páúdà kun ọrùn. Nítorí tèmi ló ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Ó fẹ́ kí n lè dì mọ́ òun kí n má sì wúkọ́. Èmi náà á dì mọ́ ọn, màá máa wá ìyá mi lábẹ́ páúdà yẹn, mi ò sì ní í rí i. Ìyá Sọ́ńdè ni wọ́n ń fún mi, ìyá ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, ẹ má wẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní irú ọmọ wo rèé, ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dọ̀tí. Ó wá kọjú sí ògiri.

Àǹtí mi ní tiẹ̀ kì í fi oògùn mi ṣeré. Ìnhélà oríṣi méjì ni wọ́n fún wa. Búlúù wà fún ìgbà tí àyà bá dí, tí mo bá fín in, kò ní í pẹ́ tí màá fi rí èémí. Búráùn ni ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àyà dí o, àyà ò dí o, mo gbọ́dọ̀ fà á, kí n sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ilé á máa wo àǹtí mi bí ẹni tó ń fún ọmọ ní sìgá. Wọ́n á ní, "Ìyá yìí, nǹkan yìí máa ń di bárakú o. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò lè fi sílẹ̀ mọ́." Àǹtí mi á ní, "Ẹ̀bà náà ti di bárakú fún yín, ẹ fi sílẹ̀ ká wò ó." Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, mo sì gbàgbọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ tèmi.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àyà mi dákẹ́. Mo ń sáré. Wọ́n lè rán mi dé Fádèyí kí n lọ kí n bọ̀ láìdúró. Sọ́ńdè kan, mo rí ìyá mi lókèèrè tó ń bọ̀ ládùúgbò wa, mo sá eré lọ pàdé rẹ̀, mo fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ó gbé etí lé àyà mi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó jókòó sórí pèpéle onípèpéle ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó bú sẹ́kún, àwọn èèyàn sì ń bi í pé ta ló kú.

Kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi ti rí iṣẹ́ ìyanu ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú mi lọ síwájú gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, láti jẹ́rìí. Mo dúró níbẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Mo sọ fún Olúwa pé kí ó gbé àìsàn yìí kúrò lára ọmọ mi. Mo ní bó bá jẹ́ dandan kó wà lára ẹnìkan, kó gbé e sára tèmi. Ẹ bá mi dúpẹ́, ó ti gbé e kúrò!" Gbogbo ilé hó yèè. Orí mi wú. Àǹtí mi jókòó lẹ́yìn pátápátá, ìnhélà mi méjèèjì wà nínú báàgì lórí itan rẹ̀, ó sì di báàgì náà mú gírígírí.

Nígbà tí a jáde, ìyá mi ní, "Ó yá, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ kó ẹrù rẹ. O ń bọ̀ wálé." Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ ní oògùn yẹn, ẹni tí Ọlọ́run ti wò sàn ò lo oògùn mọ́. Àǹtí mi wò mí. Èmi náà wò ó. Mo mọ̀ pé bí mo bá lanu sọ pé kò kúrò, pé oògùn ló mú un dákẹ́, Ṣómólú ni màá máa gbé lọ. Mo pa ẹnu mi dé. Bí wọ́n fi ọ̀bẹ là á lọ́jọ́ yẹn, kò ní í ṣí.

Àǹtí mi fà mí sẹ́yìn nígbà tí à ń kó ẹrù. Ó ní, "Kí lo fẹ́, gan-an?" Mo ní, "Mo fẹ́ lọ sílé." Ó mí kanlẹ̀. Ó ki ìnhélà méjèèjì bọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi kan tó wà nínú ẹrù, ó ní bí wọ́n bá ti fẹ́ tán, kí n yà lọ́dọ̀ òun tí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé. "Èmi ò ní í parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣùgbọ́n kò tíì bi mí léèrè."

Bí mo ṣe padà sí etí ọ̀sà nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń retí kí n sọ pé mo kábàámọ̀, kó máa retí lọ. Àwọn ọdún yẹn ni mo jẹ ìyá mi yó. Mo ń bá a jókòó ní ìrọ̀lẹ́ tí iná ti rọlẹ̀, tó ń yí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bú àwọn tó fẹ́ rà á lọ́pọ̀. Ìgbà gbogbo ló máa ń gbé mi kúrò lójú èéfín. "Bọ́ síhìn-ín, atẹ́gùn ti yí padà." Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i: "Tún bọ́ sọ́hùn-ún." Mo kàn ń yí àgbá po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, inú mi sì ń dùn. Tó bá wá di ìgbà ìsinmi, á nà gbalaja sórí ẹní, màá gbé orí lé ikùn rẹ̀, màá fi ìró rẹ̀ bo ojú. Bí àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, màá ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Màá lọ sí ibi ìwẹ̀ lẹ́yìn ilé, màá da omi sínú korobá kó lè pariwo, màá fín búlúù sẹ́nu. Ti búráùn kò le rárá. Àárọ̀ kùtù tí mo bá ń fọ eyín ni mo ń fà á, ìyá mi á gbọ́ bí mo ṣe ń yọ ẹnu léraléra, á ní, "Ẹnu tìrẹ á mọ́ ju ti áńgẹ́lì lọ."

Mo dàgbà, mo kó jáde. Mo gba ilé ní Abúlé Òkúta, mo sì ń ta ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkọkà. Ìyá mi kò kúrò nídìí àgbá. Ọdọọdún ló sì ń tún ẹ̀rí yẹn jẹ́ níbi ìdúpẹ́, títí àwọn ọmọdé ìjọ fi mọ̀ ọ́n sórí. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó kọ́kọ́ ní òtútù ni. Ó ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Kò lè rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé láìdúró di ògiri mú. Mo fi ìjà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì sọ fún wa pé èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, pé bí kò bá fẹ́ kó burú sí i, kó fi èéfín sílẹ̀, kó sì máa lo ìnhélà lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì rí i pé kò lè máa tẹ̀ ẹ́ kó sì máa mí lẹ́ẹ̀kan náà, ó gé ihò sí ìdí ìgò ike omi, ó ti ìnhélà bọ ibẹ̀, ó ní kí Màámi máa fi ẹnu ìgò sẹ́nu kó sì máa mí jẹ́jẹ́. Ìyá mi gba ìgò náà tọpẹ́tọpẹ́. A dé ilé, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò wò ó mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Mo ra ẹja rẹ̀ tán kó má baà yan òmíràn, ó lọ ra òmíràn. Níkẹyìn mo pariwo mọ́ ọn, ó wá sọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ ò mọ ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ. Mo ní kó gbé e sára mi, ó sì ti gbé e dé. Tí mo bá lé e kúrò lára mi, ibo lo rò pé yóò gbà? Ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò padà sí." Ẹ gbà mí! Mo ní, "Màámi, ṣé àga ni, tí ẹ bá ti dìde ẹlòmíràn á jókòó?" Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ àǹtí mi lọ ní Ṣómólú. Òun náà ti darúgbó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ nìkan lo lè tú u." Mo mọ ohun tó ń sọ. Kí n fi ìnhélà mi han ìyá mi, kó rí i pé àìsàn yẹn ò kúrò lára mi rí, pé kò sí ohun tó máa padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn ni gbogbo ohun tí ìyá mi ní. Kò kọ́lé, kò ra ilẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kan tó gbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, ó ń kú lọ lójú mi. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti Bàrígà dé Àkọkà, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe.

Ọ̀sán kan ló wá fi ipá mú mi. Mo dé etí ọ̀sà, mo rí i pé ẹja ti ń jóná lórí àgbá, èéfín ti bo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi jókòó nílẹ̀ láàárín rẹ̀, kò lè dìde. Ojú rẹ̀ ti yọ síta. Mo wọ́ ọ jáde sí ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbà, mo sáré wọlé padà, mo fa ìgò rẹ̀ yọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyà tèmi náà ti dí pa. Mo gbé ìgò sí i lẹ́nu. Ó pa eyín pọ̀. Ó ń mi orí. Ìyá tí kò rí èémí mí, ó ṣì ń ráyè ṣe agídí!

Mo jókòó sórí yanrìn níwájú rẹ̀. Mo yọ búlúù tèmi jáde, mo mì í, mo fín in sẹ́nu lójú rẹ̀ kòrókòró, mo di èémí mú, mo tún fín in. Ó ń wò mí.

"Kí nìyẹn?"

"Tèmi ni, Màámi. Kò kúrò lára mi rí. Kò lọ lọ́jọ́ kankan."

Mo rí i bí ó ṣe yé e. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, mo ti múra sílẹ̀ fún èpè. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ tì mí ní àyà.

"Kúrò lọ́dọ̀ mi," ó ní. Kò ní èémí tó lè fi parí rẹ̀. "Èéfín... lára mi. Kúrò. Lọ!"

Mo ní, "Mi ò lọ. Ẹ ti ní kí n lọ rí, mo lọ. Mi ò lọ mọ́. Ẹ lanu."

Ó wò mí títí. Ó lanu. Mo gbé ìgò sí i, mo tẹ ìnhélà, mo ní kó máa mí, ó ń mí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. A wà níbẹ̀ títí súfèé àyà rẹ̀ fi lọ sílẹ̀, tí èjìká rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ẹja ti di èédú pátápátá, kò sí ẹni tó bojú wò ó nínú wa.

Ó ní, "Ṣé báyìí ló ṣe máa ń ṣe ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà tí o wà lọ́dọ̀ mi náà? Tí o ń sùn lórí ikùn mi?"

"Ìgbà yẹn náà. Mo fẹ́ sùn níbẹ̀ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lò. "Mo rò pé èmi nìkan ni mo ń gbé e," ó ní.

"Rárá, Màámi. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé e."

Ó wá gbé pẹ̀lú mi ní Abúlé Òkúta, kò sì dé ìdí àgbá mọ́. Láràárọ̀ a máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, òun pẹ̀lú ìgò, èmi láìsí ìgò, a ó fa tiwa, a ó yọ ẹnu, a ó sì jà lórí ẹni tó ń da omi sílẹ̀. Ó tún ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ ogbó ló mú un lọ, kì í ṣe àyà. Ní báyìí, èmi nìkan ni mo ń gbé e, ó sì wúwo ju ti ìgbà tí a jẹ́ méjì lọ.